Ojú Méjì, Ẹyẹ Kan

"Rọra!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. N kò tíì kí ẹnikẹ́ni, n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé. Wọ́n to àwọn gíláàsì róbótó-róbótó sórí àtẹ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni to ẹyin, àpò tí mo gbé kọ́ èjìká sì ti fẹ́ẹ́ gbá wọn dànù.

"Ẹ má bínú," mo ní.

"N kò bínú. Mo ní kẹ́ ẹ rọra ni."

Bàbá kan tó ń lẹ awọ mọ́ ara irin nídìí tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó tètè mọ́ yín lára, ọ̀gbẹ́ni. Orúkọ tá a fi ń pè é náà nìyẹn. Bí iná bá sọ nílé yìí, Rọra á kọ́kọ́ ní kí iná rọra ná."

Ọmọbìnrin kan tó dúró nídìí àtẹ náà ló ń sọ. Ó mú gíláàsì kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan. Èmi náà dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń wo gíláàsì. Mo ti gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òṣìṣẹ́ mẹ́fà, fèrèsé ńlá kan. Awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rà fún ọmọdé ṣeré. Àwọn òǹwoyẹ ló ń rà á, àwọn tó máa ń jí ní ìdájí lọ lúgọ sínú koríko tútù nítorí ẹyẹ kan ṣoṣo. Irú awò bẹ́ẹ̀, ènìyàn á lò ó títí, ọmọ rẹ̀ á tún jogún rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn, Ọ̀gá nìkan ló ń ṣe é: bàbá Rọra, ọkùnrin gíga kan tí kì í jókòó síbòmíràn ju iwájú fèrèsé lọ.

Iṣẹ́ náà ni pé kí ojú méjèèjì awò fẹnu kò. Bí ojú ọ̀tún àti ojú òsì kò bá wo ibì kan náà gan-an, ẹyẹ kan á di méjì, tàbí kí orí máa fọ́ ẹni tó ń wò ó kí wákàtí kan tó pé. Ọ̀gá á gbé awò sójú, á dojú kọ ṣóńṣó òpó gíga kan lórí òkè lọ́hùn-ún, á máa yí àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìdè lára awò náà títí òpó méjì á fi di ọ̀kan. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń ṣe é.

Èmi ní tèmi, àpótí kékeré kan ni mo gbé wá. Kámẹ́rà méjì àti kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ awò, yóò máa dárúkọ ẹyẹ tí ènìyàn ń wò. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọjọ́ iwájú awò wà. Ọ̀gá gbọ́ mi dé òpin, ó wá bi mí pé iṣẹ́ mélòó ni mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì.

"Mẹ́ta, sà. Lọ́dún mẹ́rin."

"Ẹyẹ pàápàá máa ń bà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Gbogbo yàrá ló rẹ́rìn-ín. Rọra nìkan ni kò rín. Mo rí i.

"Ọ̀gá, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé lọ sínú igbó báyìí," mo ní. "Bí awò yín kò bá lè ṣe ju kó sún nǹkan mọ́ni lọ, ta ni yóò máa rà á ní ogún ọdún sí i?"

"Ẹyẹ tí ẹ̀rọ bá bá ọ dárúkọ, o kò rí i. Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún ọ ni." Ó yíjú sí fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òǹwoyẹ ń yọ mí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oṣù mẹ́fà ni mo fún ọ. Má dé ìdí fèrèsé mi."

Oṣù mẹ́fà náà di ọdún kan, kò lé mi. Bóyá ó gbàgbé ni, bóyá ó sì fẹ́ rí ibi tí n óò já sí.

Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, èmi àti Rọra máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Orí táńkì omi ilé kejì ni àwọn ẹyẹ ti máa ń bà. Òun á gbé awò sójú, ẹ̀rọ mi á sì ti dárúkọ ẹyẹ kó tó mí.

"Ẹ̀rọ rẹ yájú," ó ní lọ́jọ́ kan.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tètè mọ̀."

"Ta ló ní kó má mọ̀? Kó mọ̀ ọ́n, kó sì panu mọ́. Kí èmi kọ́kọ́ sọ tèmi. Bí mo bá ṣì í, kó wá tọ́ mi sọ́nà. Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe nílé ìwé nìyẹn, ò ń nawọ́ kí tíṣà tó béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìwà. Nígbà tí mo gbé e padà, Rọra wo ẹyẹ kan títí, ó ní, "Òdèrékókó." Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ní àdàbà ni. "Irọ́ ló ń pa," ó ní, ó tún gbé awò sójú. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. "Àdàbà ni o. Ọjọ́ wo ni mo ti ń wo ẹyẹ yìí, n kò rí ìlà dúdú ọrùn rẹ̀ rí!" Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di èjìká mi mú. Èmi tí n kò lè jókòó sójú kan, mo jókòó síbẹ̀ bí òkúta, kí ó má baà gbé ọwọ́ náà kúrò.

Nígbà tí mo bi í pé ṣé yóò fẹ́ mi, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Dúró ná."

"Títí dìgbà wo?"

"Dúró ná ni mo wí."

Mo dúró fún oṣù kan. Mo dúró fún méjì. Oorun dá lójú mi. Ènìyàn tó bá fẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Mo tú ọ̀rọ̀ méjì yẹn palẹ̀ bí ẹ̀rọ, mo tún un tò, kò sí ibi tó jálẹ̀ sí. Níkẹyìn mo lọ bá ẹ̀gbọ́n obìnrin tí Ọ̀gá ní. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyẹn fi pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Màmá Onílẹ́tà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbọ́ ti bàbá, kó sì bá mi gbọ́ ti ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí sí pálọ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n jókòó tán.

"Àbúrò mi ní òun kò lè fa ọmọ òun lé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ibì kan lọ́wọ́. Ó tún ní ohun tí ò ń ṣe lórí tábìlì yẹn, ikú iṣẹ́ òun ni, pé ènìyàn kì í fi ọmọ ta ọ̀tá lọ́rẹ."

"Òun gan-an ńkọ́, Màmá? Rọra?"

"Ó ní kó o dúró ná."

"Ṣé kò fẹ́ mi ni?"

"Lẹ́tà ni mo máa ń gbé, n kì í ṣí i." Ó tẹ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ojú ẹni tó fi rán mi. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ohun kan ń bẹ nínú ilé iṣẹ́ yẹn tó dì í mú, kì í sì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan. Ìwọ tó o fẹ́ràn àlọ́, lọ tú u."

Mo padà sídìí tábìlì mi pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rọ mi náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Awò àtijọ́ kan ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀; nígbà tí mo bọ́ sórí àwọn tuntun, àwòrán kámẹ́rà ọ̀tún àti tòsì kò pàdé mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá tò ó mọ́ awò tí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ojú ọ̀tún á máa wo òkè ju tòsì lọ, ní ìwọ̀n irun kan. Mo dá ara mi lẹ́bi. Mo tún ètò inú kọ̀ǹpútà kọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó wá di pé mo gbé e kan àwọn awò tí wọ́n ti dì sínú páálí fún àwọn oníbàárà. Ojú méjèèjì wọn pàdé régí.

Àlọ́ rèé. Awò kan ṣì ń wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án lójú wa. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó dì í, ó ti tọ́. Ta ló tún un ṣe?

Lọ́jọ́ Ẹtì mo dé ilé iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ilẹ̀kùn kò tì. Rọra ló jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ níwájú fèrèsé, awò lójú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń yí ìdè.

Kò fò. Ó sọ awò kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa rí i."

"Ojú Ọ̀gá," mo ní. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń tò lórí mi. Ojú ọ̀tún bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Awò tó bá yẹ̀ bákan náà ló ń tọ́ lójú rẹ̀. Ó ń fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣe awò tó bá ojú tirẹ̀ nìkan mu, kò sì bá ti ẹlòmíràn mu.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́tàdínlógún."

"Ojoojúmọ́ lò ń jí wá?"

"Bí n kò bá wá, wọ́n á kó o jáde bẹ́ẹ̀, orúkọ Bàbá á sì bàjẹ́ láàárín oṣù kan." Omi lé sójú rẹ̀, kò jẹ́ kó dà. "O ní kí n fẹ́ ọ. Bí mo bá tẹ̀ lé ọ lọ, ta ni yóò máa jí wá síbí? Bí mo bá sì wí fún ọ, mo ti tú àṣírí bàbá mi. Kí ni kí n sọ ju kí o dúró lọ?"

Ojú tì mí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bínú sí ẹni tó ń fi èjìká kan ṣoṣo gbé ilé.

"Sọ fún un, Rọra."

"Ìwọ lọ sọ fún idì pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú."

"Ojú ta ló ń ṣú?"

Ọ̀gá ni, lẹ́nu ọ̀nà. Kò wá ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo àga rẹ̀. Ó wo irin ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wá wò mí, n kò sì gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni tún wò mí bẹ́ẹ̀.

"Mo tètè wá láti tún yàrá ṣe," ó ní. "Ẹgbẹ́ òǹwoyẹ ń bọ̀ lọ́la, gbogbo wọn pátá. Mo ti ṣèlérí pé n óò ṣe awò kan lójú wọn, kí wọ́n gbé e káàkiri, kí wọ́n rí i pé ọwọ́ ènìyàn ni ọjọ́ iwájú wà. Mo wá bá ọ níbí tí ò ń kọ́ ọmọ mi láti ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

"Ọ̀gá, èmi ni mo—" Mo ti fẹ́ gbé e rù. Ó sàn kí wọ́n lé mi.

"Rárá," Rọra ní. Ó dìde. "Kò mọ nǹkan kan. Bàbá, èmi ni mo ń tún àwọn awò yín ṣe láàárọ̀. Ojú ọ̀tún yín ti yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lójú wọn lọ́la."

Ọ̀gá mú awò tó fúnra rẹ̀ parí lánàá, ó wo ṣóńṣó òpó. Ó mú èyí tí Rọra ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó wò ó, ó sì fi í lé tábìlì bí ẹni tó rí ẹ̀gbin. "Òpó méjì! Tìrẹ ni kò tọ́, kì í ṣe tèmi!"

Ọ̀rọ̀ náà burú, nítorí òótọ́ ló ń sọ. Bó ṣe rí lójú tirẹ̀ nìyẹn. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ mi.

"Bí o bá gbé nǹkan yẹn sún mọ́ mi, n óò jù ú láti ojú fèrèsé."

Rọra gbé awò méjèèjì síwájú rẹ̀: ti bàbá lọ́wọ́ òsì, tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. "Ẹ má gba ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ má gba èmi náà gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Bàbá aláwọ ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá ní kó wo òpó, kó sọ èyí tó dára jù. Ó wo ti òsì, ó fa ojú ro. "Yéè! Èyí ń yọ ojú mi. Ọ̀tá wo lẹ fẹ́ tà á fún?" Ó wo ti ọ̀tún. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí nìyẹn. Èyí ni Ọ̀gá wa!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá aláwọ wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó lọ.

"Ojú àgbà ni tirẹ̀," Ọ̀gá ní.

Obìnrin tó ń kun ọ̀dà dé. Ó ní ti ọ̀tún. Ọ̀gá ní bóyá kò sùn dáadáa. Ẹni tó ń di páálí dé, ó ní ti ọ̀tún, ó tún béèrè pé ta ló gbé awò tó ti bàjẹ́ sórí tábìlì Ọ̀gá. Nígbà tí ẹni kẹrin fi máa dá a lóhùn, Ọ̀gá kò wí àwáwí kankan mọ́. Nígbà tí ẹni karùn-ún wí tirẹ̀ tán, ó wá àga, ó jókòó. Kì í ṣe àga iwájú fèrèsé.

"Gbé ẹ̀rọ rẹ wá," ó sọ fún mi.

Mo gbé e wá. Mo tò ó mọ́ awò kìn-ín-ní, mo tò ó mọ́ èkejì, mo fi àwòrán wọn hàn án. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Àwọn tó kọ lẹ́tà ọpẹ́ wá lọ́dún tó kọjá," ó ní. "Àwọn tó ní n kò ṣe èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe wọ́n, Bàbá. Mo kàn—"

"Má parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀, mo sì rí i tí ojú náà ń yí padà, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo ẹyẹ kan lọ́jọ́ púpọ̀ kó tó rí i. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Mo ń fọ gíláàsì lẹ́yìn yín láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mò ń wo ọwọ́ yín."

Ó mi orí. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kọ́kọ́ dà bí ikọ́. "Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó dára. Àkísà kù sí mi lọ́wọ́. Aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ogójì òǹwoyẹ kún yàrá méjèèjì títí dé orí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá dìde láàárín wọn, ó na ara rẹ̀ tán pátápátá.

"Mo ṣèlérí pé ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ó ní. "Ọmọ mi ni yóò ṣe é. Ojú mi ti yẹ̀. Gbogbo awò tẹ́ ẹ rà nílé yìí láti bí ọdún kan ààbọ̀, tẹ́ ẹ sì ń yìn mí sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ padà, ilẹ̀kùn nìyẹn."

Ẹnikẹ́ni kò wo ìhà ibi tí ilẹ̀kùn wà. Rọra jókòó, ó gbé awò sójú, ó yí ìdè, ó dúró, ó tún yí i. Nígbà tó fi lé ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ìyẹn lọ sójú fèrèsé, kò sì dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé kó jẹ́ kí àwọn náà wò. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní, "alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ń bọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu lórí òpó yẹn, mo sì ń rí bí ọmọ náà ṣe la ẹnu." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé kí ni àpótí kékeré tó wà lórí tábìlì mi. Ọ̀gá ló dá a lóhùn, kì í ṣe èmi.

"Inú awò ni yóò máa wà. Yóò máa ṣọ́ ojú méjèèjì, kí wọ́n má yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó mọ orúkọ ẹyẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ kó tó gbọ́ tiyín. Ọmọ mi ló kọ́ ọ níyẹn. Ẹ̀rọ tó lè sọ òtítọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀tá iṣẹ́ kọ́."

Lẹ́yìn oṣù méjì, Màmá Onílẹ́tà mú àwọn òbí mi wọ pálọ̀ Ọ̀gá. Bàbá mi ti tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó ní àwọn gbọ́ pé ọmọbìnrin kan wà nílé yìí tó mọ gíláàsì í fọ̀ dáadáa, pé ọmọ àwọn—

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀." Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má bínú, ará mi, kì í ṣe ẹni tó ń fọ gíláàsì lẹ wá tọrọ. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ni. Ènìyàn mẹ́fà ló ń jẹun lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ tó bá fẹ́ ẹ, ẹ̀bá iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé. Kò ní kó o lọ síbòmíràn."

Ìyá mi wo bàbá mi. "Ṣé àwa la wá gbé ìyàwó ni, àbí àwa la mú ọkọ wá fún wọn?"

"Èyíkéyìí tó bá dùn mọ́ yín," Màmá Onílẹ́tà ní.

"Mo fara mọ́ ọn, sà," mo ní. "Ibi tó bá wà ni n óò gbé."

"Ǹjẹ́ ẹ̀yin gan-an gbà, bàbá ìyàwó?" bàbá mi béèrè.

Ọ̀gá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. N kò rí ọkùnrin tó jókòó tó sì ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Òṣìṣẹ́ rẹ̀ lèmi náà."

Gbogbo wa yíjú sí i. Rọra ti dìde kí wọ́n tó béèrè. "Mo gbà," ó ní, ohùn rẹ̀ dún dé ìta, bàbá rẹ̀ sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.